Ọ́ìlì Kíki Lójú Irin Tó Ti Jẹ

Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ẹ ní ọ́ìlì tuntun lẹ rà fún jẹnẹrétọ̀, ẹ ní ike rẹ̀ ń dán, ẹ ní wọ́n fi ọ̀rá dí i lẹ́nu, ẹ sì ní kí èmi arúgbó fọwọ́ kàn án kí n wò ó. Mo ti fọwọ́ kàn án. Àjẹkù ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni. Wọ́n sè é, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n da aró sí i, wọ́n wá rọ ọ́ sínú ike tuntun bí ẹni wọ òkú láṣọ ìyàwó. Ẹ bá mi mú ọṣẹ wá. Nǹkan ìríra ni, n kò fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Màmá, níbo lẹ ti mọ ọ́ìlì?" Ẹ kò jẹ̀bi. Arúgbó lẹ bá mi. Lókóńgómà níbí lẹ mọ̀ mí sí, lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ ń wá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Natako, nínú Lokoja yìí náà, láyé ìgbà kan, tí ẹ béèrè orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ẹ máa rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè mí. Nupe ń pè mí bẹ́ẹ̀, Ígálà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn Hausa ní "Mai Ínjì", màá sì dáhùn. Èmi ni mo ni ẹ̀rọ ìlọta. Èmi ni mò ń yí i kó tó dìde láàárọ̀, èmi ni mò ń bọ́ ọ, èmi ni mò ń nù ún.

Ọdún tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ni bàbá yín àgbà mú mi kúrò ní Kàbà wá sí Lokoja. Akọ̀wé ìjọba ni. Ìpínlẹ̀ Kwara la wà nígbà náà, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Kogi, pọ́ńtù ló sì ń gbé mọ́tò sọdá odò. Nígbà tí ogun parí ni a ra ẹ́ńjìnnì kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Irin wúwo ni. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní dúrọ́ọ̀mù omi tó ń tù ú lára, bẹ́líìtì gígùn kan ló sì so ó pọ̀ mọ́ ọlọ tó ń lọ nǹkan.

Ẹ kò lè mọ ohùn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yín ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó. Èyí ń mí ni. Tù-kù. Tù-kù. Tù-kù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e dáadáa, àwọn ará àdúgbò Crusher lókèèrè ní àwọn máa ń gbọ́ ọ. Kí oòrùn tó ta, igbá àti báàfù ti tò dé ojú títì: gbáàgúdá gbígbẹ, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀ọ̀lẹ̀. Bó bá wá ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe Kérésì tàbí Iléyá, ẹ má wulẹ̀ wá. Mo máa ń jẹun lórí ìdúró ni. Ìyẹ̀fun á bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, Ṣọlá, tó bí yín, á máa sá fún mi pé egúngún ni mí.

Ọjọ́ kan, obìnrin Nupe kan lọ ata gbígbẹ tán, n kò fọ ẹnu ẹ̀rọ dáadáa, mo bá da ògì ọmọ jòjòló sí i. Ìyá ọmọ náà, ará Ẹbira, gbé ọmọ àti ìkòkò ògì padà wá bá mi. Ó ń bú mi ní Ẹbira, mò ń bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ẹnìkan ń là wá ní Hausa. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ tọ́ ògì náà wò. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ilé ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lónìí ńkọ́? Kálukú ti ní ẹ̀rọ kékeré nínú ilé rẹ̀, tó ń jóná kí ọdún tó yí po. Wọ́n á jù ú sí ààtàn, wọ́n á ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń tún nǹkan ṣe mọ́. Ẹ wo ààtàn yín, ẹ wo bó ṣe ga.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fún mi ni Bàbá Sálíù, mẹkáníìkì kan láti Òkéné. Yorùbá rẹ̀ kò gún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gún. Òun ló la ikùn ẹ̀rọ fún mi wò. Ó fi ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀ hàn mí, ó fi bíárìn hàn mí, ìyẹn irin rírọ̀ méjì tó ṣẹ́ kọrọdọ bí ààbọ̀ igbá, tí wọ́n dé mọ́ ọ̀pá náà kó lè máa yí láàárín wọn.

"Ìyá Ṣọlá," ó ní, "ẹ rò pé irin ló gbé irin? Irin kọ́. Àyè wà láàárín wọn, kékeré báyìí, ojú ò rí i. Ọ́ìlì ló ń gbé inú àyè yẹn. Ọ́ìlì ló gbé ọ̀pá dání. Ọjọ́ tí irin bá kan irin, ẹ́ńjìnnì kú."

Ó ní bó ṣe ń wọn àyè náà. Á gé òjé tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, á tẹ́ ẹ sáàárín ọ̀pá àti bíárìn, á dè é le, á tún tú u, á wá wo òjé náà. Bó bá ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé, àyè há, ó dára. Bó bá ṣì rí roboto, àyè ti fẹ̀, irin ti jẹ. Lẹ́yìn náà ló máa sọ irú ọ́ìlì tí n óò rà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lè jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo, ṣebí ọ́ìlì tó bá ki ló dára jù? Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sọ nìyẹn nígbà náà, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣì ń sọ dòní.

Ó mi orí. Ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i, èmi ni mo bá a rí i. Mo ní, "Bàbá, ṣé bí ògì àti asẹ́ ni?" Asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré, bí ẹ bá da ògì kíki lé e, orí asẹ́ ló máa jókòó sí, abẹ́ rẹ̀ á gbẹ. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ ti ya, bí ẹ bá da ògì tó ṣàn lé e, wàá, ó ti lọ. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀rọ tuntun, àyè rẹ̀ há; ọ́ìlì tó ṣàn ló lè tètè wọ ibẹ̀, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́ tí ohun gbogbo dì. Bí ẹ bá da èyí tó ki sí i, kó tó dé ibi tó ń lọ, irin ti ń họ irin. Ẹ̀rọ tó ti jẹ díẹ̀, àyè rẹ̀ ti fẹ̀; ó fẹ́ ọ́ìlì tó ki díẹ̀, kó má baà ṣàn dànù kó tó gbé ọ̀pá. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń romú.

"Èyí tó bá wá jẹ kọjá ààlà ńkọ́?" mo bi í.

Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ìyẹn kò sí ọ́ìlì. Ẹ tú u, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ẹ sin ín. Ẹni tó bá da ọ́ìlì kíki sí i kó lè panu mọ́, olè ni."

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka fi ọ́ìlì wò: ká fi ra á, ká ya ìka nínú ara wọn, ká wo bó ṣe fà, ká gbé e sí imú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí mo bá di ojú mi, mo mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì bí mo ṣe mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà.

Nígbà tó ṣe, Bàbá Sálíù darúgbó, ó padà sí Òkéné, ibẹ̀ ló kú sí. Kó tó lọ, ó tú ẹ̀rọ náà fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ní ọ̀pá fúnra rẹ̀ ti jẹ, kò yí roboto mọ́, ó ti dà bí ẹyin, pé bíárìn tuntun kankan kò lè bá a mu. Ó ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin ààtàn. Mo gbà. Èrè ọwọ́ mi sì ti tó, mo ra ẹ̀rọ tuntun, mo ti ògbólógbòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ibẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi ti rí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, Àfínjú ni mò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì àti ẹ̀yà ara mọ́tò ló ní, ṣòkòtò funfun ló sì ń wọ̀ síbẹ̀. Àárín dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì, láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ kò ní rí àbàwọ́n kan lára ṣòkòtò yẹn. Nígbà náà mo rò pé ìmọ́tótó ni. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má ta á fún àwọn onírin ààtàn. Mo ti rí ẹni tó máa rà á, màá sì tún un ṣe kó tó lọ."

Àwọn obìnrin abúlé Oworo kan ni, lẹ́yìn òkè. Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ọ̀dọ̀ mi ní Natako ni wọ́n máa ń ru gbáàgúdá wá lọ̀, wọ́n á rìn láti ìdájí. Wọ́n ti ń dá èésú kí wọ́n lè ní ẹ̀rọ tiwọn. Nítorí èmi ni wọ́n ṣe gbà. Ìyá Débórà, tó dàgbà jù nínú wọn, sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn: "Bó bá jẹ́ ti Ìyá Ẹlẹ́rọ, kò sí ohun tí a óò tún wò."

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni wọ́n wá wò ó. Àfínjú ti ṣáájú wọn dé. Ó yí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà dìde, kò ké. Ẹ̀rọ tó ń ró kó, kó, kó ní gbogbo ọdún tó kọjá, tí mo fi ń rò pé ẹnìkan ló wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde, ó ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ọmọ tó yó. Àwọn obìnrin náà hó yèè. Kò tíì pẹ́, kò tíì gbóná, Àfínjú pa á. Ó ní, "Ó tó. Ẹ má jẹ́ ká fi dísẹ́ẹ̀lì ṣòfò."

Ṣùgbọ́n òórùn ti dé imú mi. Mo sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ nù ún, mo fi ìka kan ọ́ìlì rẹ̀. Ó fà bí ilá. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ọ́ìlì gíà ni, èyí tí wọ́n ń dà sí gíà lọ́rì. Mo pe Àfínjú sẹ́yìn ilé.

"Ọkọ mi, kí lẹ dà sínú ẹ̀rọ yìí?"

"Ọ́ìlì ni."

"Ọ́ìlì gíà ni."

Ó wo mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Ó ń ké tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ń ké nísinsìnyí?"

"Bó bá gbóná ńkọ́?"

"Bó bá fi máa gbóná," ó ní, "ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ó sì fi aṣọ ìnujú nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ṣì ń rí àwọn ìka yẹn. Mo ti rí ọgbẹ́ tó kẹ̀, mo ti wẹ òkú, kò sí èyí tó kó mi nírìíra tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún bàbá yín àgbà. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀rọ?" Ó sì bu òkèlè mìíràn. Èmi ńkọ́? Mo panu mọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mò ń wò ó.

Ìyẹn nìkan ì bá sàn. Àwọn obìnrin náà yan ọ̀kan nínú wọn tí yóò máa yí ẹ̀rọ. Rékíyà lorúkọ rẹ̀, ìyàwó ilé kan tí kò tíì bímọ, apá rẹ̀ le bí ti ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fi í sí fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè kọ́ iṣẹ́. Ilé mi ló ń sùn, oúnjẹ mi ló ń jẹ. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí Bàbá Sálíù kọ́ mi: bí a ṣe ń yí ẹ̀rọ láìjẹ́ kí irin ta apá ẹni dànù, bí a ṣe ń ra ọ́ìlì láàárín ìka. Ọmọ náà yá. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fọwọ́ kan ọ́ìlì ẹ̀rọ tuntun, ó fọwọ́ kan ti ògbólógbòó, ó gbé e sí imú. Ó wò mí.

"Ìyá, tiyín ń yọ̀, tiwa ń lẹ̀. Ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Kí ló dé?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu yìí ló dá a lóhùn. Mo ní, "Bí ọ́ìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe ń rùn nìyẹn. Á lọ."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ lórí lọ́rì lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ń kọrin lọ. Mo dúró lójú títì, mò ń juwọ́ sí wọn.

Oṣù kan kọjá, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Obìnrin kan tó ń ru iṣu wá láti ìhà ibẹ̀ ló sọ fún mi. Ìgbà gbáàgúdá ni, gbogbo abúlé ló ń lọ nǹkan, wọ́n fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ó gbóná, ọ́ìlì yọ́, àyè tí a ti fi ọ́ìlì kíki bò sì ṣí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Rékíyà sún mọ́ ọn kó lè pa á. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀, irin tó so mọ́ ọ̀pá já, ó fọ́ ara ẹ̀rọ, ó jáde. Ọ́ìlì gbígbóná bò ó lójú àti ọrùn, èérún irin kan wọ ojú òsì.

Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Mo wọ lọ́rì dé ibi tí ọ̀nà parí sí, mo fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dìde, wọ́n ń kí mi. "Okun o, Ìyá Ẹlẹ́rọ! Okun o!" Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n bu omi, ẹnìkan ti ń gún iyán. Wọ́n ní mo ṣeun tí mo wá, pé ènìyàn bí tèmi ṣọ̀wọ́n. Bàbá ọkọ Rékíyà jókòó sábẹ́ igi. Ó ní kí n má bínú, pé oorun ni ìyàwó ọmọ òun ń sùn nídìí ẹ̀rọ, pé kò tọ́jú rẹ̀, pé ó ti ba nǹkan gbogbo abúlé jẹ́. Ó ní bí ojú náà bá sàn, àwọn máa dá a padà sílé bàbá rẹ̀.

Wọ́n mú mi wọlé lọ bá a. Wọ́n ti fi aṣọ di ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ forí jì mí," ó ní. "Mo ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọ́ìlì rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. N kò mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Mo jáde. Wọ́n ti gbé iyán ka iwájú ẹní mi, ọbẹ̀ ẹja ń rú èéfín. Mo bu òkèlè kan. Mo gbé e dé ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, òórùn ọ́ìlì yẹn ni mo gbọ́ lára rẹ̀. Mo bì sílẹ̀ níwájú wọn, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún mi. Wọ́n sáré bu omi fún mi, wọ́n ní rírìn ló rẹ̀ mí. Ìyá Débórà fi gèlè ara rẹ̀ nu ẹnu mi. Ibẹ̀ ni n kò lè fara dà á mọ́.

Mo ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ Rékíyà. Ẹ̀rọ náà ti kú kó tó kúrò ní Natako. Ọ̀pá inú rẹ̀ ti jẹ, wọ́n fi ọ́ìlì gíà pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá tutù, á dákẹ́. Bó bá gbóná, á já. Kò sí bí ọmọ yìí ṣe lè tọ́jú rẹ̀ tí kò ní já."

Ìyá Débórà ṣì di gèlè rẹ̀ mú.

"Ta ló dà á sí i?"

"Àbúrò ọkọ mi."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo mọ̀?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, bó ṣe dàgbà jù mí tó nì, "ẹ" ló ń pè mí. Ọjọ́ náà ló di "ìwọ". Mo ní, "Kí ẹ tó gbé e. Rékíyà bi mí, mo purọ́ fún un."

Ó sọ gèlè náà sílẹ̀ lórí èébì. Ó dìde, ó lọ. Àwọn yòókù dìde tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo retí èébú, kò wá. Mo retí ẹ̀ṣẹ́, kò wá. Mo gbọ́ ohùn láti inú yàrá.

"Ìyá."

Mo wọlé. Rékíyà ti jókòó. Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ẹ kò sọ ọ́ sókè tó. Bàbá ọkọ mi kò gbọ́ dáadáa. Ẹ lọ sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sọ ọ́ nílé kejì, àti ilé kẹta. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀lẹ, kí ẹ dé ibẹ̀."

Mo ṣe é. Láti ilé dé ilé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ohun tí mo ṣe. Àwọn kan pa ilẹ̀kùn. Bàbá ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí, ó ní kí wọ́n lọ bu oúnjẹ fún ìyàwó òun. Kò wò mí.

Nígbà tí mo padà dé Lokoja, ẹbí ọkọ mi pe ìpàdé. Àfínjú wọ funfun wá. Ó ní mo ti ta orúkọ ìdílé, pé kò sẹ́ni tó ń ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù òun láti ìhà Oworo mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í nípa ojú ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo wo bàbá yín àgbà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, n kò ní pa á mọ́ fún yín: mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó ní òun ti forí jì mí. Títí di òní, bí mo bá ń fọ irun, mo máa ń fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, mo tú ẹ̀rọ tuntun mi kúrò nílẹ̀. Owó ọwọ́ mi ni mo fi rà á, kò sẹ́ni tó lè dá mi dúró. Bàbá yín àgbà wá àwáwí iṣẹ́ lọ sí Kàbà lọ́jọ́ yẹn kó má baà wà nílé. Mo háyà lọ́rì, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n kò kọrin. Ìyá Débórà tọ́ka sí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. "Ẹ gbé e síbẹ̀." Kò sẹ́ni tó fún mi lómi, wọ́n sì tọ̀nà. Rékíyà jáde wá, ojú òsì ti pa dé. Ó tú ìdérí ọ́ìlì, ó fi ìka kàn án, ó ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo abúlé ń wò ó, mo dúró bí olè tí wọ́n ń yẹ àpò rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló yí i. Ó dìde. Kò jẹ́ kí wọ́n pa á. Ó jókòó tì í títí ó fi gbóná, títí oòrùn fi kọjá àtàrí, kó tó ní kí n máa lọ.

Wọn kò dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó bímọ mẹ́ta, òun ló sì ń yí ẹ̀rọ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi kò ní ẹ̀rọ mọ́. Mo ta ọṣẹ, mo ta kẹrosíìnì, mo tọ́ Ṣọlá dàgbà. Àfínjú ńkọ́? Ó là. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, tí mọ́tò ìjọba kún ìlú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di mẹ́ta. Ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé àga iwájú fún un. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òtítọ́ kò rí owó ọkọ̀ san.

Ọdún yẹn náà ni mo rí Rékíyà gbẹ̀yìn. Gáréèjì ni, àwọn tó ń bọ̀ wá síṣẹ́ ìjọba tuntun kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ó ru ẹrù, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e. Ó ń bọ̀ tààrà sí ọ̀dọ̀ mi, ó súnmọ́ débi pé mo rí àpá iná ọrùn rẹ̀. Ó kọjá. Apá òsì rẹ̀ ló kọ sí mi, ojú tí kò ríran. Bóyá kò rí mi ni, bóyá ó rí mi láti òkèèrè kó tó yí apá yẹn sí mi, n kò mọ̀. Mo lè pè é. Orúkọ rẹ̀ ti dé ètè mi.

N kò pè é.